Ta ló ti fi omi ṣe iná ìyọ́wúrà rí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Alágbẹ̀dẹ Wúrà Adó | Ọjọ́ Ajé, 8:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ulé. Iṣẹ́ wúrà àti fàdákà ni mò ń ṣe ní Adó, lẹ́bàá Ọjà Ọba. Ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Láyé tiwọn, fìtílà epo òyìnbó àti ọ̀pá tí wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ ni wọ́n fi ń jó ẹ̀gbà ọrùn pọ̀. Èmi ń lo gáàsì inú agolo kékeré. Owó agolo yẹn ti wá ga jù, tí iṣẹ́ bá sì wọlé, méjì kì í tó mi lọ́sẹ̀ kan.

Mo rí fídíò kan lálẹ́ àná. Ọkùnrin kan da omi sínú ike, ó ki irin méjì bọ̀ ọ́, ó so wọ́n mọ́ bátìrì mọ́tò, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ó fi rọ́bà gba afẹ́fẹ́ tó ń jáde, ó ṣáná sí i, iná tíńrín kan yọ tó ń yọ́ wáyà kọ́pà bí ẹni ń yọ́ òrí.

Mo ní ṣájà bátìrì 12 fóltì, áńpíà 10. Mo ní ife stainless mẹ́rin tí mo lè gé. Iyọ̀ wà nílé. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé iyọ̀ dára? Ṣé mo lè kó afẹ́fẹ́ yẹn pamọ́ sínú sìlíńdà gáàsì kékeré kí n máa lò ó nígbà tí NEPA bá mú iná lọ? Ṣé ó máa yọ́ wúrà lóòótọ́? Ẹ má bú mi o, ìwé mẹ́fà ni mo kà.

Ọmọ Ìlawẹ̀ | Ọjọ́ Ajé, 8:31 àárọ̀

Iyọ̀ dáa gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣíbí mẹ́ta sínú omi lítà kan. A ṣe é nílé ìwé nígbà tí mo wà ní SS2. Ó hó dáadáa, a ṣáná sí i, ó dún "pó!", gbogbo kíláàsì pariwo. Kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Ẹ ṣáà gé ife yín.

Tíṣà Ọ̀yẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 9:05 àárọ̀

Ọmọ Ìlawẹ̀, jọ̀ọ́, má fi ọ̀rọ̀ pa ẹni ẹlẹ́ni. Ìró "pó" ilé ìwé, afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá dígí kékeré kan ni.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi iyọ̀ sí i. Omi lásán, háídrójìn méjì àti ọ́síjìn kan ni. Tí iná mànàmáná bá tú u, háídrójìn á jáde lára irin tí ẹ so mọ́ ẹsẹ̀ négátíìfù bátìrì, ọ́síjìn á jáde lára èyí tí ẹ so mọ́ pọ́sítíìfù. Ṣùgbọ́n tí iyọ̀ bá wà níbẹ̀, kiloríìnì ni yóò máa jáde lára pọ́sítíìfù, afẹ́fẹ́ tó ń ta nímú, tó ń jó ọ̀nà ọ̀fun. Omi tó bá kù nínú ike á máa rùn bíi Jik. Ife stainless yín á jẹ, omi á pọ́n bíi ti ìpẹtà, kíróómù inú irin náà á sì tú sínú rẹ̀. Irú kíróómù kan wà tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, irú yẹn sì lè tibẹ̀ wá. Ẹ ò ní lè da omi yẹn sí gọ́tà, ẹ ò sì ní lè da á sí oko.

Ìbéèrè kejì ló bà mí lẹ́rù. Ẹ má dán an wò láé. Gáàsì ìdáná wà nínú sìlíńdà, kò sí ọ́síjìn pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi lè jó nínú ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ẹ fẹ́ kó pamọ́ yìí, háídrójìn àti ọ́síjìn ló jọ wà níbẹ̀, bí olè àti agbódegbà nínú yàrá kan náà. Ẹ̀ta iná tíńtín kan ló kù. Gáàsì ìdáná kì í gbiná nínú afẹ́fẹ́ àfi tó bá wà láàárín nǹkan bí ìdá 2 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti háídrójìn bẹ̀rẹ̀ láti 4, ó dé 75. Aṣọ ọ̀rá tí à ń bọ́ lálẹ́ ọyẹ́ tó ń ta páráparà nínú òkùnkùn, iná tó wà nínú ìyẹn ju ohun tí háídrójìn ń wá lọ.

Ẹnì kan ti dán èyí tí ẹ ń rò yẹn wò tipẹ́. Ọdún 1800 ni Nicholson àti Carlisle, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, fi bátìrì tú omi ní London. Ní 1801, Robert Hare, onímọ̀ kẹ́mísírì kan ní Philadelphia, kó háídrójìn lọ́tọ̀, ó kó ọ́síjìn lọ́tọ̀, ó jẹ́ kí wọ́n pàdé lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì, ó sì fi iná wọn yọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì yọ́ rí. Nígbà tó di 1816, Clarke, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Cambridge, po àwọn méjèèjì pọ̀, ó tì í mọ́ inú àpótí kan. Ó bú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wá di ẹni tó ń dúró sẹ́yìn pákó ṣiṣẹ́.

Ti wúrà: ó máa yọ́ ọ. Wúrà ń yọ́ ní 1,064 lórí ìwọ̀n Celsius, fàdákà ní 962. Iná yìí lè dé 2,800. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún yín ni pé ó lè jẹ yẹtí oníbàárà tán kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Rewáyà Ìkẹ́rẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 10:40 àárọ̀

Tíṣà ti sọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ojú mi kún un.

Bátìrì mọ́tò tó wà lórí ṣájà, háídrójìn kan náà ló ń tú sílẹ̀. Ọmọṣẹ́ mi kan yọ kílíìpù lórí bátìrì láì tíì pa ṣájà. Ó ta pàrà. Orí bátìrì yẹn fọ́ sí mẹ́ta. Áfẹ́fẹ́ tó wà lókè omi bátìrì, kò tó ife omi kan o! Ọlọ́run ló ní kí kẹ́ẹ̀gì omi wà nítòsí, a da á lé e lójú títí ó fi ní ó tó. Ojú rẹ̀ yè. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, nígbà tí a fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ihò rẹ̀ pọ̀ bíi ti asẹ́.

Nítorí náà, ẹ so wáyà mọ́ ohun tí ẹ bá ṣe kí ẹ tó tan ṣájà. Tí ẹ bá parí, ẹ pa á níbi ògiri kí ẹ tó fọwọ́ kan kílíìpù. Ẹ fi fíúsì áńpíà 15 sí ojú wáyà.

Ọmọ Ìlawẹ̀ | Ọjọ́ Ajé, 11:02 àárọ̀

Mo ti gbọ́ o, ẹ̀yin àgbà. Kánún ńkọ́? Ó wà lọ́jà, kò wọ́n, kì í ṣe iyọ̀. Tàbí omi eérú?

Ìyá Ọlọ́ṣẹ Ẹmùré | Ọjọ́ Ajé, 1:17 ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò mọ kẹ́mísírì. Ọṣẹ dúdú ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ ti dárúkọ omi eérú, ó ti kàn mí.

Èèpo kòkó la máa ń sun, a ó kó eérú rẹ̀ sínú agbọ̀n tàbí ìkòkò tó ní ihò nídìí, a ó máa da omi lé e, yóò máa kán sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Omi yẹn le. Kí ẹ má fi ojú kéré é. Àmọ́ ìdọ̀tí pọ̀ nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti tíì, tí ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, yóò ru bí ọtí àgbàdo. Kì í tún dọ́gba. Ti òní le, ti ọ̀la rọ̀. Ti kánún, ẹ wò ó dáadáa, iyanrìn àti oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀.

Kọ́sítíìkì ni kí ẹ rà, èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ olómi ń rà ní ìwọ̀n kílò. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o. Omi ni ẹ ó kọ́kọ́ bù. Kọ́sítíìkì ni ẹ ó wá máa wọ́n sínú omi, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé kọ́sítíìkì lórí, yóò hó, yóò ta sí i lójú. Yóò gbóná fúnra rẹ̀ láìsí iná, kó má yà yín lẹ́nu. Ike líle ni kí ẹ lò. Ní ọdún kan, mo da á sínú ìkòkò aluminiọ́ọ̀mù, mo wọ ilé lọ mú ìpọnmi, kí n tó padà dé ó ń hó kùùkùù, ìdí ìkòkò ti lu. Mo pariwo pé ta ló dáná sí i.

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, gíláàsì ojú, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Tó bá kán sí yín lára, omi, omi, omi. Ẹ má dúró bèèrè òróró. Àpá tó wà ní ọrùn ọwọ́ mi ti lé ní ogún ọdún.

Tíṣà Ọ̀yẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 1:44 ọ̀sán

Ìyá wa, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ̀yin ará, ohun tó hó nínú ìkòkò aluminiọ́ọ̀mù ìyá yẹn, háídrójìn náà ni! Kọ́sítíìkì ń jẹ aluminiọ́ọ̀mù, ó ń lé háídrójìn jáde kúrò nínú omi. Ká ní wọ́n mú àtùpà dání nígbà tí wọ́n padà wá, ọ̀rọ̀ á yí padà. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ sí aluminiọ́ọ̀mù kankan níbi tí omi yìí bá dé, bóò ṣe ẹnu páìpù, bóò ṣe nọ́ọ̀tì.

Tó bá kán sójú, omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ tó gbé onítọ̀hún lọ sí ọsibítù.

Wẹ́dà Ìjerò | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ẹ kúuṣẹ́ o. Mo ti ṣe é. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ti àkọ́kọ́ bú, èkejì ni mò ń lò. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó bú bẹ̀rẹ̀, torí èyí tó bú ló jẹ́ kí n mọ èyí tí kì í bú.

Mo so rọ́bà láti inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ike tí iná mànàmáná ti ń tú omi, lọ tààrà sí ẹnu tọ́ọ̀ṣì. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, mò ń jó etí rédíò kan lọ́wọ́, NEPA mú iná. Iná mànàmáná lọ, afẹ́fẹ́ ò jáde mọ́, ṣùgbọ́n iná tọ́ọ̀ṣì ò mọ̀ pé NEPA ti lọ. Ó wọ inú rọ́bà lọ bá ìyá rẹ̀. Ìdérí ike sẹ́ẹ̀lì fò, ó lu páànù òrùlé, omi kọ́sítíìkì fọ́n sára ògiri títí dé ibi tí mo kọ́ ẹ̀wù sí. Ọjọ́ méjì ni etí mi fi ń hó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: iná ń sáré padà lójú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ gbà wá. Tí afẹ́fẹ́ tó ń jáde bá yára ju iná lọ, iná á dúró sí ẹnu. Tí kò bá yára tó o, ó ti wọlé. Kábáàdì tí àwọn panẹ́ẹ̀lì-bítà ń lò náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti ìsinsìnyí. Pálítì stainless méje ni mo gé, mo fi òrùka rọ́bà táyà ya wọ́n sọ́tọ̀, mo fi nọ́ọ̀tì fún wọn pọ̀. Pọ́sítíìfù lára ti àkọ́kọ́, négátíìfù lára ti ìkeje, ẹ má so nǹkankan mọ́ márùn-ún tó wà láàárín. Ìyẹn á di yàrá mẹ́fà, fóltì 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 12. Ẹ̀gbọ́n Adó, tí ẹ bá ki irin méjì péré bọ inú ike, tí ẹ fún un ní 12 fóltì, fóltì tó lé yẹn, ooru lásán ni yóò dà, omi yín á gbóná bí omi ìwẹ̀. Ẹ bèèrè irin 316 tí ẹ bá lè rí i. 304 náà ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n ó tètè dúdú. Ife tí mágínẹ́ẹ̀tì bá fà, ẹ fi mu tíì.

Omi: èyí tí à ń dà sí bátìrì, tàbí omi òjò tí kò tí ì kan páànù ìpẹtà. Kì í ṣe ti bóòhóòlù. Ẹ máa fi kọ́sítíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa wo mítà. Tó bá dé áńpíà 8, ẹ dúró. Bó bá gbóná, á gun 10 fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìgò omi, méjì ni kí ẹ fi sí i, ẹ má ṣe ahun. Rọ́bà tó ń bọ̀ láti sẹ́ẹ̀lì á wọ ìsàlẹ̀ omi, rọ́bà tó ń lọ á ti òkè jáde. Bí iná bá padà wá, omi ni yóò pàdé. Àlàfo orí omi yẹn kò gbọdọ̀ fẹ̀, torí inú rẹ̀ ni yóò ti dún. Mo fi páìpù PVC ṣe tèmi, mo sì fi rọ́bà dí i lẹ́nu dípò kí n fi gúlù lẹ̀ ẹ́. Tó bá dún, rọ́bà á fò, ara páìpù ò ní fọ́. Mo ki wáyà ìfọkòkò onístainless bọ inú ọwọ́ tọ́ọ̀ṣì. Abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo fi fáìlì gé ẹnu rẹ̀ ni mo fi ṣe imú.

Bí a ṣe ń pa á: ẹ má pa ṣájà nígbà tí iná ṣì ń jó. Ẹ ti imú tọ́ọ̀ṣì bọ inú ife omi, iná á kú, kí ẹ tó wá pa ṣájà. Mo ti fi ife omi sí ọwọ́ ọ̀tún mi títí láé.

Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, lábẹ́ ṣéèdì tí kò ní sílíìn. Háídrójìn fúyẹ́, òkè ló ń lọ, sílíìn ló máa ń kó o jọ.

Ọmọ Ìdó ní Jámánì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:05 ọ̀sán

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá wẹ́dà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tako ẹ níbi PVC yẹn. PVC kì í ya, ńṣe ló máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo, èéfọ́ rẹ̀ sì mú. Ike tó rọ̀ díẹ̀ ni kí ẹ wá, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì. Òun á wú, á ya, kò ní fọ́n ká. Dígí, ẹ má tilẹ̀ rò ó.

Èrò tèmi gan-an ni pé kí ẹ má ṣe é rárá. Wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ yìí tà fún àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà. Ó ń wo ìwọ̀n afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, ó ń pa ara rẹ̀ tí ooru bá pọ̀. Kí àwọn alágbẹ̀dẹ mẹ́rin dáwó ra ẹyọ kan.

Wẹ́dà Ìjerò | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:50 ọ̀sán

Ti PVC, mo gbà. Màá pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ti ká dáwó ra ẹ̀rọ, ẹ wá wo bí alágbẹ̀dẹ mẹ́rin ṣe ń pín ẹ̀rọ kan ní Ọjà Ọba kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀ 😄

Ìgboyà Ìkọ̀lé | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:30 ọ̀sán

Kí ló dé tí ẹ ń fi nǹkan ńlá ṣe yẹtí? Ẹ so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀! Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin kan ṣe é ní Èkó ní 2012, ìtọ̀ ni wọ́n dà sí i, jẹnẹrétọ̀ sì ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé gbé e. Jẹnẹrétọ̀ á máa fún sẹ́ẹ̀lì níná, sẹ́ẹ̀lì á máa fún jẹnẹrétọ̀ láfẹ́fẹ́, ó parí.

Tíṣà Ọ̀yẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:15 ọ̀sán

Àwọn ọmọ yẹn gbìyànjú, èmi náà yìn wọ́n ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n iná tí ẹ fi tú omi, òun náà ni ẹ ó gbà padà nígbà tí ẹ bá jó o, ẹ ò sì ní gbà á pé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ọ̀gá wẹ́dà. Áńpíà 10, yàrá mẹ́fà: nǹkan bíi lítà 37 afẹ́fẹ́ pípòpọ̀ ní wákàtí kan, èyí tó lé díẹ̀ ní ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú kan. Wátì 130 ni ṣájà ń gbé wọlé tó bá ń gbé fóltì 13. Ooru tó wà nínú afẹ́fẹ́ tó jáde kò tó wátì 90. Ogójì ti lọ sínú omi gbígbóná. Ẹ wá gbé 90 yẹn fún jẹnẹrétọ̀ tí kò ní fún yín padà ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ. Owó tí a yá ní ọgọ́rùn-ún tí a san ogún, gbèsè la wà.

Èyí tó dára nínú rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ ni pé iná kékeré, tíńrín, tó gbóná gidigidi ló ń wá, kì í ṣe ooru púpọ̀. Omi tó sì ń jẹ kò tó nǹkan: bíi ogún mílílítà ní wákàtí kan.

Alágbẹ̀dẹ Wúrà Adó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:48 alẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti gbé iyọ̀ padà sí kíṣínì. Sìlíńdà ti padà sọ́dọ̀ ìyàwó mi. Màá lọ rí ọ̀gá wẹ́dà ní Ìjerò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n bá gbà. Mo fẹ́ kí ojú mi rí i kí ọwọ́ mi tó kàn án.

Rewáyà Ìkẹ́rẹ́ | Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀

Ohun kan kù. Nítorí NEPA, ẹ fi bátìrì sí àárín ṣájà àti sẹ́ẹ̀lì, kí afẹ́fẹ́ má dáwọ́ dúró lójijì. Ṣùgbọ́n bátìrì yẹn náà ń tú háídrójìn tó bá wà lórí ṣájà. Ẹ gbé e jìnnà sí ibi iná, mítà mẹ́ta sí mẹ́rin, wáyà tó nípọn.

Alágbẹ̀dẹ Wúrà Adó | Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọjọ́bọ̀, 5:35 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ṣe é, lọ́wọ́ ọ̀gá wẹ́dà ni. Wọ́n ní kí n fi ọṣẹ rú ìfófòó sí gbogbo ojú rọ́bà kí a tó ṣáná. Ibi méjì ló ń jò. Mo tún wọn ṣe, mo tún fi ọṣẹ sí i.

Ní ọjọ́ kejì iná padà sẹ́yìn, ọwọ́ mi ló gbọ̀n, mo gbé imú tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ irin jù, ó dí. Ó dún "pá" nínú ìgò kejì, rọ́bà ẹnu rẹ̀ fò lu igi àgbọn, ìgò àkọ́kọ́ kò mọ̀ pé nǹkan ṣe. Mo jókòó sílẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo dí i padà.

Ẹ̀gbà fàdákà mọ́kànlá ni mo ti jó. Òrùka wúrà tó nípọn kò yọ́ o, ìyẹn ṣì di gáàsì agolo. Ìṣòro mi báyìí ni pé lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, iná bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́, omi ń kán jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́, mítà sì ti gun 13.

Wẹ́dà Ìjerò | Ọjọ́bọ̀, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Gbígbóná ni. Bó ṣe ń gbóná ló ń fa áńpíà sí i, bó ṣe ń fa áńpíà ló ń gbóná sí i, nya omi á tẹ̀ lé afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù. Nígbà tó bá tutù, ẹ yọ díẹ̀ lára omi kọ́sítíìkì inú rẹ̀ sínú ike kan tí ẹ kọ orúkọ sí, ẹ fi omi bátìrì dí àyè rẹ̀, títí kó fi bẹ̀rẹ̀ ní áńpíà 6. Ẹ má fọwọ́ lásán ṣe é.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ Ẹmùré | Ọjọ́bọ̀, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Kí ẹ gbé ike yẹn sókè níbi tí ọmọdé ò ti lè dé e. Ó dà bí omi mímu.

Alágbẹ̀dẹ Wúrà Adó | Ọjọ́ Ẹtì, 10:15 àárọ̀

Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 6, ó dúró sí 8 fún wákàtí kan. Kò tutọ́ mọ́. Ìyá, mo ti gbé ike sórí àjà, mo kọ "MAJELE" sí i pẹ̀lú ọ̀dà pupa.